Ta Ni Ó Ń Dúró Dè Ọ́ Nílé?

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ mi lọ́dún tó fẹ́ mi, ó bi mí bóyá mo ti tọ́ sódábì, ọtí líle wọ̀nyẹn, wò. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, àkọ́bí mi ní, "Màmá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀." Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Bàbá tó bí ìyá mi, ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti gan láti ìbàdí bí igi ìdáná, gun ọ̀pẹ kan ní Massè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rìnlá tí kò ti gun ohunkóhun tó ga ju àpótí ìjókòó lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun nìkan ni kò sì yà lẹ́nu.

N ó dé orí ọ̀pẹ náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi bàbá hàn yín, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ọ̀pẹ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àlàó ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti Ikpinlè títí dé Tatonnonkon, Bàbá Onígbà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá tó jẹ́ pé inú ìgò ni ẹ ti ń bá ẹmu pàdé, ẹ gbọ́: igbà ni okùn líle tí adẹ́mu máa ń gbé yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká. Á fẹ̀yìn tì í, á fi ẹsẹ̀ ti igi, á ju okùn náà sókè díẹ̀, á gbé ẹsẹ̀, á tún jù ú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi dé ibi tí ẹmu wà. Igbà nìkan ló wà láàárín òun àti ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí o bá ń kọjá lábẹ́ ẹni tó wà lókè ọ̀pẹ, o kì í kí i pé ẹ kú iṣẹ́. "Igbà á rọ̀ o!" lo máa sọ. Òun náà á dáhùn látòkè pé, "Àṣẹ o!" Bí kò bá dáhùn, sáré.

Bàbá àgbà mi yìí, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló ń hun igbà fún gbogbo agbègbè wa. Ó kéré ní ènìyàn, ó gbẹ bí ẹja yíyan, ó sì ní ìwà kan tí àwọn ọmọdé fi máa ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́: ibikíbi tó bá ń lọ, igbà kan wà ní èjìká rẹ̀. Ó gbé e lọ ọjà. Ó gbé e lọ síbi ìkómọ. Wọ́n bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gun ọmọ ni?" Igbà àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun tó dára ni, kò sì tà á rí. Mo bi í nígbà kan ìdí tí kò fi gbé e kọ́ sílé bíi ti ìyókù. Ó ní, "Mọ́jí, ohun tó gba ènìyàn là kì í gbé ilé dè é."

Adẹ́mu ni òun fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, adẹ́mu tí ìgbéraga rẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ. Ó máa ń sọ pé ẹsẹ̀ òun ni òrìṣà òun, apá òun sì ni àlùfáà rẹ̀. Mùsùlùmí ni Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀; bó bá sì ti kírun tán, bàbá á bi í pé, "Ṣé o bá mi kí Ọlọ́run? Sọ fún un pé mo wà lókè lójoojúmọ́, mi ò rí i níbẹ̀." Ìyá Àgbà á ní kí ahọ́n rẹ̀ rọra.

Ọdún tí àwọn Faransé lọ, tí wọ́n fa àsíá orílẹ̀-èdè tuntun sókè, ni bàbá jábọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni. Ìlù ṣì ń dún níwájú ilé ìjọba ní Adja-Ouèrè nígbà tí igbà já ní oko. Nígbà tí mo dàgbà tí mo ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún un, ó gbà á bí ẹni gba obì. "Ilẹ̀ wa gòkè," ó ní, "èmi sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan náà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ kó di ìdí okùn mú."

Àwọn mẹ́ta ló gbé e wálé, Ọlọ́run ló sì mọ bí wọ́n ṣe pàdé ara wọn lójú ọ̀nà yẹn: oníṣòwò ẹní kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, àgbẹ̀ kan tó ń ti ibi ìbọ baba ńlá rẹ̀ bọ̀, àti olùkọ́ni kan ní ìjọ Pádì, ìyẹn ìjọ Àgùdà, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹní oníṣòwò ṣe àga ìgbókùú. Oníṣòwò ń ké sí Ọlọ́run lédè Lárúbáwá, àgbẹ̀ ń pe baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀, olùkọ́ni ń fọwọ́ sàmì àgbélébùú síwájú orí. Nígbà tí wọ́n máa fi dé àárín ọ̀nà, wọ́n ti ń jiyàn lórí àdúrà ta ni kò jẹ́ kí ọkùnrin yìí kú. Àríyànjiyàn náà gbóná débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó jábọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá ló pariwo láti inú ẹní pé, "Ẹ gbé mi dúró kẹ́ ẹ tó jà!" Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún òun ibi tí òun ti máa bá Ọlọ́run pàdé. Á bá Ìyá Àgbà jẹ ọdún Iléyá, á bá àbúrò rẹ̀ lọ sí ibojì àwọn baba, ó sì máa ń jókòó sẹ́yìn ilé ìjọ Pádì nígbà míì, ó ní orin wọn dára fún okùn lílọ́. Àlùfáà kan bi í gan-an pé inú èwo ló wà. Ó ní, "Ẹni tó ń jábọ́ kì í bi ẹni tó fẹ́ hán an léèrè ẹ̀sìn."

Ó fi nǹkan bí ọdún kan dùbúlẹ̀. Ìyá Àgbà ló sọ èyí fún mi, nítorí mi ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà náà. Ó ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, bàbá kò ṣe iṣẹ́ méjì, ọ̀tá ló ń wá. Ó dá a lójú pé ẹnì kan ló fi ọ̀bẹ ha igbà òun. Ó sì ti rí ẹni náà: Òjó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, adẹ́mu bíi tirẹ̀, tí ẹmu rẹ̀ dùn ju tirẹ̀ lọ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Òjó wá kí i pẹ̀lú iṣu, bàbá yí ojú sí ògiri. Òjó tún wá, bàbá ní kí wọ́n sọ fún un pé òun ń sùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n gbé igbà tó já náà wá. Ó fẹ́ fi ojú ọ̀bẹ han gbogbo ayé. Ó tú u. Ó tú u fún ọjọ́ mẹ́rin, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, lórí àyà rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Kò rí ojú ọ̀bẹ. Ohun tó rí ni jíjẹrà, láti inú wá, dúdú, tútù, nítorí pé ó ti fi okùn náà sílẹ̀ sínú òjò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń múra àsíá, tí òun ń mu ẹmu káàkiri pẹ̀lú àwọn tó ń múra rẹ̀. Ìyá Àgbà ní ó wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà ìrun ìrọ̀lẹ́, àjákù okùn ti bo gbogbo ara rẹ̀ bí ẹyẹ tó wà nínú ìtẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo rò pé òun ló bí gbogbo ìyókù ayé rẹ̀: "Mo wá ọ̀tá títí nínú okùn yìí. Èmi nìkan ni mo bá níbẹ̀."

Nígbà tó lè fi ìdí wọ́, ó wọ́ lọ sí ilé Òjó. Ẹ rántí pé mo ní ó wọ́. Ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ níbẹ̀. Òjó wò ó, ó wò ó, ó wá ní, "Dìde, Àlàó. O ti ṣubú tó."

Bí ó sì ti tú okùn náà tán, kí ló kù fún un? Ó ti mọ bí wọ́n ṣe hun ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ padà. Èyí àkọ́kọ́ wọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ìkejì sàn díẹ̀. Nígbà tó fi máa hun èyí tó ń gbé kiri, ó ti gbàgbé pé òun ń ṣọ̀fọ̀ ẹsẹ̀ òun. Àwọn àlejò máa ń bi í pé níbo lo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, Bàbá? Ó ní, "Ogún ọdún ni mo fi wà lókè, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ìgbà tí mo balẹ̀ ni mo tó rí òkè." Wọ́n á máa wo ara wọn, nítorí ìyẹn kò dáhùn ìbéèrè wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní òfin. Ó máa ń bó awọ ọ̀pá imọ̀-ọ̀pẹ, á lù ú, á rẹ ẹ́ sínú omi, á so ó rọ̀ lábẹ́ òrùlé kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, nítorí èyí tí oòrùn bá mú gbẹ ń tan ni jẹ. Ṣùgbọ́n kó tó lọ́ fọ́nrán àkọ́kọ́, á mú ẹni tó fẹ́ ra igbà jókòó, á bi í pé, "Ta ni ó ń dúró dè ọ́ nílé?" Ọkùnrin náà á ka orúkọ: ìyàwó, ìyá, ọmọ. Bàbá á sì máa pe orúkọ wọn bó ti ń lọ́ okùn, orúkọ kan fún ìlọ́ kan, láti àárọ̀ di alẹ́, títí gbogbo wa nílé á fi mọ ọmọ àwọn ará Massè bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Bó bá parí, á gbé igbà náà lọ sí ọ̀pẹ kúkúrú kan lẹ́yìn ilé, á gbé e yí ara rẹ̀ ká, á fẹ̀yìn tì í pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, á ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yẹn nìkan ló tó máa fi í lé oníbàárà lọ́wọ́. Kò sì sí ẹni tó jábọ́ nínú igbà rẹ̀ rí. Kò sí. Ẹ lè bèèrè.

Nílé ìwé, mẹ́tìrì, ìyẹn olùkọ́ wa, ní kí oníkálùkù kọ iṣẹ́ olórí ilé rẹ̀ sínú ìwé kàyé. Mo wá bi bàbá. Ó ní, "Kọ ọ́ pé mo ń kó àwọn ènìyàn wálé." Mo kọ ọ́ lédè Faransé bó ṣe wí. Mẹ́tìrì bi mí pé ṣé awakọ̀ ni.

Nígbà tí ìjọba Ìyípadà dé, tí wọ́n ní ká máa pe ara wa ní kámárádì, tí délégé, aṣojú ìjọba ní abúlé wa, sì ń pè wá sí ìpàdé bí ẹni pe adìyẹ sí àgbàdo, bàbá kò bá wọn jà. Ó lọ sí gbogbo ìpàdé. Délégé sọ níbẹ̀ pé gbogbo nǹkan ti yí padà pátápátá. Bàbá na ọwọ́ sókè. "Kámárádì délégé," ó ní, "mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹmu ṣì wà lókè o." Délégé náà rẹ́rìn-ín, ó sì wá ra igbà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Ó kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, lórí ẹní, nílé. Kò jábọ́ láti ibì kankan. Mo fi èyí sí àárín ìwé mi nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn kí wọ́n fi ikú parí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi ìjà.

Ìjà bàbá àti Ìyá Àgbà ní ìlànà tirẹ̀. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn dá ọ̀rọ̀ dúró, ewúrẹ́ Ìyá Àgbà á sì di alárinà. "Ewúrẹ́, sọ fún ọkọ mi pé oúnjẹ ti délẹ̀." "Ewúrẹ́, sọ fún un pé mo ti rí i." Ewúrẹ́ náà ti gbó, etí kan ló kù fún un, ó sì máa ń yí ojú láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì bí adájọ́.

Ìjà tí mo ń sọ yìí, ògiri ló fà á. Ìyá Àgbà fẹ́ fi amọ̀ pupa rẹ́ ògiri yàrá iwájú, níbi tí èèkàn méjì wà. Èèkàn ọ̀tún ni igbà tó dára máa ń wà. Èèkàn òsì ni bàbá máa ń gbé òkú igbà kọ́ sí, ìyẹn èyí tó hun tí kò wù ú, tó fẹ́ tú láti mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà. Ìyá Àgbà ní kó kó okùn rẹ̀ kúrò. Bàbá ní òun kò ráyè, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n, pàápàá obìnrin. Ìyá Àgbà ní ọwọ́ obìnrin yìí náà ló ń ro ọkà tí ó ń jẹ kó tó lágbára okùn lílọ́. Ni wọ́n bá pe ewúrẹ́.

Ọjọ́ kẹta ìjà náà, bàbá lọ sí ìpàdé délégé. Ìyá Àgbà gbé okùn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, ó rẹ́ ògiri, ó dára bí ojú ìyàwó tuntun. Ó wá gbé okùn padà. Èyí tó wà lọ́tùn-ún lọ sí òsì, tòsì lọ sí ọ̀tún. Kò mọ̀. Okùn jọ okùn. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin adẹ́mu kan ti Massè fi dé, Láyíwọlá, tó wá gba igbà rẹ̀. Ìyá Àgbà mú èyí tó wà lọ́tùn-ún fún un. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ì bá ní kó dúró de bàbá. Ṣùgbọ́n bó bá dúró, bàbá á bèèrè, òun á sì ní láti dáhùn, kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí bàbá wọlé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó fi ojú yin ògiri náà. Lẹ́yìn náà ló wo èèkàn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó fọwọ́ kan okùn tó kù.

"Ewúrẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "bi í pé níbo ni ìkejì wà."

"Ewúrẹ́, sọ fún un pé Láyíwọlá ti wá gbà á."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Òkú igbà ni Láyíwọlá gbé lọ. Kòkòrò ti jẹ fọ́nrán àárín rẹ̀, bàbá ti gbọ́ dídún rẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Láyíwọlá yóò sì gun ọ̀pẹ nírọ̀lẹ́ láti lọ wo ẹmu rẹ̀, bí gbogbo adẹ́mu.

Ọ̀nà Massè jìn fún ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì. Bàbá ń fi ọ̀pá àti ẹsẹ̀ kan rìn ín, ó ń dún kó, kó, kó, igbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní èjìká, láàárín oko ẹ̀gẹ́ tí oòrùn ń jó. Ìyá Àgbà so ìró mọ́ra, ó tẹ̀ lé e. Èmi tẹ̀ lé Ìyá Àgbà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ewúrẹ́ náà ń bọ̀. Ó ṣe é lóòótọ́. Bóyá ó rò pé iṣẹ́ máa wà fún òun.

Iṣẹ́ wà. "Ewúrẹ́," ni Ìyá Àgbà sọ láti ẹ̀yìn, "bi í bóyá ó mu omi kó tó jáde."

"Ewúrẹ́, sọ fún un pé ẹni tó fẹ́ kí n mu omi kì í gbé òkú igbà fún ọmọ ọlọ́mọ."

A rìn títí a fi kọjá odò kékeré kan. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ń ṣàn lójú Ìyá Àgbà, kò nù ún.

"Ewúrẹ́," ó ní, "sọ fún un pé mi ò mọ̀."

Bàbá dúró. Kò yíjú padà. "Ewúrẹ́, sọ fún un pé mo mọ̀ pé kò mọ̀. Kó tẹsẹ̀ mọ́rìn."

A bá Láyíwọlá lókè. Kò tíì dé orí, ó wà ní àárín ọ̀pẹ gíga kan létí oko rẹ̀, akèrègbè ní ìbàdí, ó ń kọrin. A lè rí okùn náà láti ilẹ̀. Níbi tí ó ti yí ara igi ká, irun ti hù lára rẹ̀, fọ́nrán ti ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo la ẹnu láti pariwo, bàbá fi ọwọ́ bò ó. Bí ọmọkùnrin náà bá ta gìrì, ó máa fẹ̀yìn ti okùn pẹ̀lú agbára.

Bàbá kí i bí ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. "Igbà á rọ̀ o!"

"Àṣẹ o! Háà, Bàbá Onígbà! Kí lẹ wá ṣe ní Massè?"

"Mo wá wò ọ́ ni. Láyíwọlá, dì mọ́ ọ̀pẹ yẹn bí ìyàwó rẹ. Má fẹ̀yìn tì mọ́. Rọra. Bẹ́ẹ̀ ni. Má mira."

Láyíwọlá wo ìsàlẹ̀, ó wo okùn, orin sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ igi bí alángbá. Ó ní òun kò lè sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ọkùnrin kankan nítòsí, ẹni tó sún mọ́ wa jù wà ní ìkọjá oko méjì.

Bàbá ju ọ̀pá rẹ̀ nù. Ó mú igbà ní èjìká rẹ̀, ó gbé e yí ọ̀pẹ ká, ó sì so ó mọ́ ara rẹ̀. Mo ti ní ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Ó fi ẹsẹ̀ òsì ti igi, ó ju okùn sókè, ó fi apá fa ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀ lé e bí nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dúró. Ó mí. Ó tún jù ú. Bó sì ti ń lọ ló ń bá ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ kó má bàa tú ọwọ́ sílẹ̀.

"Láyíwọlá! Ta ni ó ń dúró dè ọ́ nílé?"

"Ìyá mi, Bàbá."

"Àti ta ni?"

"Kò sí mọ́."

"Láyíwọlá, mo ti darúgbó jù láti gun ọ̀pẹ tọ òpùrọ́ lọ."

"Àṣàbí ni! Àṣàbí ọmọ Tatonnonkon! Ó ti lóyún fún mi, Bàbá, a ò tíì sọ nílé wọn!"

"O rí i! O fi ènìyàn méjì pa mọ́ fún mi, o wá fẹ́ kí okùn gbé ọ dúró!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ dárí jì mí, ọmọdé ni mí. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ òsì bàbá yọ̀. Ó yí bìrí lára igi, okùn tirẹ̀ fún, ó dúró rọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lófuurufú. Kò sì sí ohun kan láàárín òun àti ilẹ̀ mọ́ àyàfi ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun.

Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti la ẹnu. Kò pe ewúrẹ́. Ó gbé orí sókè, ó sì ké bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò:

"Bàbá Ṣadé! Adùkẹ́ ń dúró dè ọ́! Ṣadé ń dúró dè ọ́! Rájí ń dúró dè ọ́! Mọ́jí rèé, ó ń dúró dè ọ́!" Orúkọ àwọn ọmọ tán lẹ́nu rẹ̀, ó pe orúkọ Òjó. Ó pe ti délégé pàápàá. Nígbà tí kò sí orúkọ mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. "Adùkẹ́ ń dúró dè ọ́!"

Ẹsẹ̀ òsì náà wá igi, ó rí i.

Ó dé abẹ́ Láyíwọlá. Ó fẹ̀yìn sẹ́yìn kí àyè lè wà láàárín àyà òun àti ọ̀pẹ, ó ní kí ọmọ náà rọra yọ̀ sínú àyè yẹn, kó máa di igi mú. Láyíwọlá yọ̀ wá sí iwájú rẹ̀, bàbá ní kó tú okùn burúkú náà dànù. Igbà kan ṣoṣo wá gbé ènìyàn méjì, bí ìyá tó pọn ọmọ sí àyà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ìṣísẹ̀ kan, àdúrà kan, títí ẹsẹ̀ wọn fi kan koríko.

Bàbá jókòó sílẹ̀. Ó mú òkú igbà tó ti jábọ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀, ó fà á. Ó já bí igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Ewúrẹ́ ń jẹ ewé.

Ọkùnrin kan ní Massè fi alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbé bàbá délé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì ti sùn lọ kí èmi àti Ìyá Àgbà tó fẹsẹ̀ dé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá kò lè dìde. Gbogbo iṣan ara rẹ̀ ti gan, ó tún dùbúlẹ̀ gbalaja bíi ti ìgbà àsíá, ojú rẹ̀ sí òrùlé. Ìrì kò tíì gbẹ tí Láyíwọlá fi dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti akèrègbè ẹmu. Ó wá gba igbà rẹ̀ gan-an, èyí tó wà ní èèkàn òsì, tí bàbá kò tíì fẹ̀yìn tì wò. Òfin sì ni òfin.

Ìyá Àgbà kò bi ẹnikẹ́ni. Ó mú okùn náà kúrò lára ògiri, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé e yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ kúkúrú ká. Ó tóbi ju ọkọ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, mo sì rò pé igi yẹn kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fẹ̀yìn tì í. Okùn náà ké kíí, ó dúró. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, ó ń pe ìyá Láyíwọlá, ó ń pe Àṣàbí, ó ń pe ọmọ inú tí kò tíì ní orúkọ. Ìyá Láyíwọlá bi ọmọ rẹ̀ pé, "Àṣàbí wo?" Láyíwọlá wo ilẹ̀.

Bàbá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ẹní. Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí Ìyá Àgbà wọlé tó ń nu ọwọ́ rẹ̀, bàbá yíjú wá ewúrẹ́.

"Ewúrẹ́," ó ní, "sọ fún ìyàwó mi pé láti òní lọ, òun ni kó máa dán wọn wò."

"Ewúrẹ́ ti lọ jẹko," ni Ìyá Àgbà wí. Ó jókòó tì í. "Èmi ni mo wà níbí."

Bàbá yíjú sí i. Mi ò gbọ́ kó fi orúkọ rẹ̀ pè é rí láti ìgbà tí mo ti dáyé.

"Adùkẹ́," ó ní, "mo ti dé."